Ìdí Méjì Tí Fídíò Màmá Kò Fi Gbà Kí Á Kọ́pì Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú Òǹdó ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn náà nìyí: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni ìyá wa pé ọgọ́rin ọdún, a sì ṣe ọjọ́ ìbí ńlá fún wọn. Ẹni tó ya fídíò kó gbogbo rẹ̀ sínú hard disk kékeré kan tí wọ́n ń ki okùn rẹ̀ bọ ara laptop, inú àpótí aṣọ ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Màmá ti lọ báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ní kí n bá òun kọ́pì fídíò náà. Mo ra flash 32GB tuntun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo fọ́tò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kí n fi fídíò ńlá náà sí i báyìí ló ní ó ti tóbi jù. Bẹ́ẹ̀ 7.2GB péré ni, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ló sì gùn. Mo wá ní kí n kọ́kọ́ fi sórí laptop mi. Ó ń lọ dáadáa, nígbà tó dé 47% ó dúró, ó sì mú nọ́ńbà kan jáde, 0x80070017. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbìyànjú, ibì kan náà ló ń dúró sí. Ọmọ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ hard disk náà, pé kí n jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n lo Cut dípò Copy. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Ní ìparí fídíò yẹn ni màmá ti dìde tí wọ́n ń ṣàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò ní ohùn wọn níbòmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan lónìí: ẹ yọ hard disk yẹn kúrò lára laptop, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó o, ẹ má sì tún un kì bọ̀ ọ́ mọ́ títí ẹ ó fi ka ìdáhùn yìí tán. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe é.

Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń dà yín láàmú ni pé fáìlì kan ṣoṣo ló yarí láàárín ọ̀pọ̀ tó gbà, ẹ sì rò pé ohun kan náà ló mú un yarí níbi méjèèjì tí ẹ ti gbìyànjú. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn ti ṣìnà. Ẹ wo bó ṣe kọ̀. Nígbà tí ẹ fẹ́ fi sórí flash, kò tilẹ̀ gbéra rárá. Nígbà tí ẹ fẹ́ fi sórí laptop, ó gbéra, ó rìn tó ìdajì ọ̀nà, ó wá dúró. Ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì àti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà, kò sí èyí tó débi tó ń lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí àwọn méjèèjì lọ pe mẹkáníìkì kò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àìsàn méjì ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀kan kò ju ìtọ́jú ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èkejì ló lè gba ohùn màmá mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti flash kúrò lọ́nà. Ohun tí Windows máa ń kọ síbẹ̀ ni pé "The file is too large for the destination file system". Ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà, pé fáìlì ti tóbi jù, wọ́n á sì tún lọ náwó sórí flash mìíràn. Ìdajì kejì lọ́rọ̀ wà. Kò sọ pé àyè kò tó nínú flash yín. Ohun tó ń sọ ni pé ìlànà tí flash náà fi ń kọ ẹrù sílẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹrù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará Òǹdó mọ ìṣòwò kòkó ju èmi lọ, nítorí náà ẹ fojú inú wo oníṣòwò kòkó kan tí ilé ìkẹ́rù rẹ̀ lè gba ẹgbẹ̀rún àpò, ṣùgbọ́n tí ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àpò kò fàyè sílẹ̀ ju nọ́ńbà méjì lọ. Àpò tó bá wọn kílò 64, akọ̀wé á kọ 64, ó parí. Bí ẹnìkan bá wá gbé àpò tó wọn kílò 120 dé, ilé ìkẹ́rù ṣófo o, àmọ́ akọ̀wé kò rí ibi tí yóò kọ 120 sí, kò sì gbọdọ̀ gba ẹrù tí kò lè kọ sílẹ̀. Yóò dá a padà lẹ́nu ọ̀nà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an nìyẹn.

Orúkọ ìwé àkọsílẹ̀ náà ni FAT32. Ọdún 1996 ni Microsoft gbé e jáde, pẹ̀lú ẹ̀dà Windows 95 kan. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún títóbi fáìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bit 32 (bit kan jẹ́ òdo tàbí ení kan ṣoṣo), nọ́ńbà tó ga jù tó lè wọ inú àyè náà sì ni 4,294,967,295, ìyẹn 4GB tí a yọ byte kan ṣoṣo (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń ka títóbi fáìlì) kúrò lára rẹ̀. Nígbà náà lọ́hùn-ún, hard disk ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lódindi kò tó 4GB, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé fáìlì kan ṣoṣo lè tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, FAT32 ni wọ́n sábà máa ń fi to flash 32GB àti èyí tó kéré sí i, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n, rédíò ọkọ̀ àti ẹ̀rọ àtijọ́ gbogbo ló mọ̀ ọ́n kà. Ẹ tilẹ̀ lè ti ṣàkíyèsí pé bí oníkámẹ́rà bá ya ayẹyẹ tó gùn, fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń jáde, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn sún mọ́ 4GB. Òfin yìí náà ló fà á: bí kámẹ́rà bá ti dé ibi tí káàdì rẹ̀ kò lè kọ mọ́, á ti fáìlì kan pa, á sì ṣí òmíràn. Ẹni tó ya ti yín ti so wọn pọ̀ di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi wá di 7.2GB.

Láti mọ̀ dájú, ẹ ki flash náà bọ laptop, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí orúkọ rẹ̀, ẹ yan Properties, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ FAT32 níwájú File system. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé flash tuntun ni, tí àwọn fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ sì ṣì wà lórí hard disk, ẹ lè fọ́máàtì òun, kí ẹ sì yan exFAT. Ọdún 2006 ni exFAT dé, torí irú ẹrù ńlá báyìí ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ má fọ́máàtì ni. Flash tuntun ni mo ní kí ẹ fọ́máàtì yìí, kì í ṣe hard disk màmá. Kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́, ẹ rí i dájú pé hard disk náà kò sí lára laptop rárá nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ibi tí exFAT kù sí ni pé àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan kì í dá a mọ̀. Bí àbúrò yín bá fẹ́ ki flash náà bọ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi flash exFAT mìíràn dán an wò. Bí tẹlifíṣọ̀n náà bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gé fídíò náà sí méjì, kí apá kọ̀ọ̀kan má tó 4GB, FAT32 á sì gbà á. Ríra flash 64GB nìkan kò tó, nítorí àwọn kan nínú wọn ń bá exFAT wá, àwọn mìíràn ṣì ń bá FAT32 wá. Ẹ sì ṣọ́ra fún flash ọ̀pọ́kú tí wọ́n kọ 1TB sí lára. Mo ti rí èyí tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju 8GB lọ; á máa gba ẹrù bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i lẹ ó tó mọ̀ pé ẹrù kò sí níbẹ̀.

Ti flash ti tán. Ó ku èyí tó ń bà mí lẹ́rù.

Nọ́ńbà tí ẹ kọ yẹn, 0x80070017, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ní kí hard disk kà apá ibì kan fún òun, hard disk sì dáhùn pé ohun tí òun rí níbẹ̀ kò bá ohun tí òun kọ sílẹ̀ mu. Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe mọ̀? Nígbàkígbà tí dísíkì bá kọ nǹkan sórí ara rẹ̀, ó máa ń ṣe ìṣirò kan lórí ohun tó kọ, á sì kọ èsì ìṣirò náà tì í, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò tó ka iye obì inú agbọ̀n tó sì so iye náà mọ́ ọwọ́ agbọ̀n. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kà á padà, á tún ìṣirò náà ṣe. Bí àṣìṣe bá kéré, á fi ìṣirò yẹn tún un ṣe fúnra rẹ̀, ẹ kò ní mọ̀. Bí ó bá ti kọjá agbára rẹ̀, á tún ibẹ̀ kà léraléra, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá àwọ̀ ewé tó ń rìn lójú laptop fi kọ́kọ́ dúró pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Nígbà tó bá sú u, á ní òun kò lè gbé ohun tí òun kò dá lójú fún yín, Windows á sì dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa: gbogbo fídíò kọ́ ló bàjẹ́. Ibi kékeré kan ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Windows ń gbà kọ́pì kò mọ bí wọ́n ṣe ń fo kòtò. Bó bá kan kòtò kan, á yí padà sílé, á sì pa èyí tó ti kó tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé irú èyí wá pé, ṣé ibì kan náà ló ń dúró sí? Ẹ ti dáhùn kí n tó béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé lónìí ó dúró ní 12%, lọ́la 60%, lọ́tùnla ó parí, okùn tàbí agbára iná ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, nítorí hard disk kékeré yìí kò ní iná ti ara rẹ̀, ara laptop ló ti ń fà á. Okùn tó ti rẹ̀, tàbí ihò USB tí kò lágbára tó, lè mú kí ó máa dákú. Àmọ́ ti yín dúró ní 47% lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn jọ egbò tó wà lójú kan náà lórí dísíkì. Síbẹ̀, ẹ wá okùn mìíràn tó bá a mu sílẹ̀, nítorí mo ti ṣàṣìṣe rí, okùn kò sì wọ́n ju kí á fi í dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ọmọ ládùúgbò yín ní fáírọ́ọ̀sì ni. N kò bú u, ọ̀pọ̀ wa la kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́nu ọ̀gá tó ń pe gbogbo nǹkan ní fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ lórí flash lọ́dọ̀ wa máa ń fi fóldà pamọ́, á sì fi àwòrán ọfà kékeré dípò rẹ̀, tàbí kí ó sọ gbogbo fáìlì di ohun tí kò ṣeé ṣí. Kì í lọ jókòó ti fídíò kan ní 47% kí ó sì jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún fọ́tò kọjá ní àlàáfíà. Ohun tó bí mi nínú ni ìtọ́jú tó fẹ́ ṣe. Fọ́máàtì tó yá, tí wọ́n ń pè ní Quick Format, ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ló ń fà ya, ẹrù ṣì wà lábẹ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ṣì lè wá a rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọ àmì kúrò lójú Quick Format, láti ìgbà Windows Vista ni fọ́máàtì kíkún ti ń kọ òdo lé gbogbo ojú dísíkì lórí látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí amòye kankan ní ayé tó lè bá yín gbọ́ àdúrà màmá nínú hard disk yẹn mọ́. Ó máa gbé e padà fún yín, á mọ́ tónítóní, á sì ṣófo.

Ní ti Cut, ẹni tó dábàá rẹ̀ ń rántí ohun kan tó jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá lo Cut láti fóldà kan sí òmíràn nínú dísíkì kan náà, fáìlì náà kò kúrò lójú kan. Orúkọ ibi tó wà nìkan ni kọ̀ǹpútà ń yí padà nínú ìwé, ìdí nìyẹn tí 7GB fi ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ láti dísíkì kan sí dísíkì mìíràn, Cut kò ju Copy tí wọ́n fi ìparẹ́ tì lẹ́yìn lọ. Ó gbọ́dọ̀ ka ibi tó bàjẹ́ yẹn náà, kò sì ní ojú tí yóò fi kà á tí Copy kò ní. Ẹ kò ní jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Àdánù sì wà: bí ẹ bá gé fóldà tó ní ọ̀pọ̀ fáìlì, àwọn tó bá kọjá á ti kúrò ní ilé àtijọ́, àwọn tó yarí á ṣì wà níbẹ̀, bí iná bá lọ láàárín, ẹrù yín á ti pín sí méjì kí ẹ tó mọ èyí tó wà níbo. Nínú ohun tí ẹ̀dà rẹ̀ kò sí níbòmíràn, Copy nìkan ni kí ẹ máa lò. Nígbà tí ẹ bá ti ṣí tuntun tí ẹ sì wò ó délẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ tó ronú àti pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹrin kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé. Ní ọdún 2011, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé hard disk wọn wá láti Ìdànrè. Ìtàn ìdílé wọn ni wọ́n ń tẹ̀ sínú rẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Fáìlì kan kò gbà kí wọ́n kọ́pì òun, irú ti yín yìí gan-an. Mo pàṣẹ fún chkdsk, irinṣẹ́ tó wà nínú Windows, pé kí ó wá gbogbo ibi tó bàjẹ́ kí ó sì tún un ṣe, mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, ohun tí mo bá ni dísíkì tó ń lu kà, kà, kà, kọ̀ǹpútà kò sì rí i mọ́ rárá. Ohun tí n kò rò ni pé chkdsk tí mo pàṣẹ fún bẹ́ẹ̀ máa ka gbogbo ojú dísíkì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Aláìsàn ni mo ní kó sáré káàkiri ìlú ní gbogbo òru, kí n tó gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Bàbá kò bú mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Látọjọ́ yẹn, n kì í tún dísíkì tó ń ṣàìsàn ṣe. Mo máa ń kó ẹrù inú rẹ̀ jáde ni, bó bá kú lẹ́yìn náà, kí ó kú.

Irinṣẹ́ tí mo fi ń kó ẹrù jáde ni ddrescue. Ọ̀fẹ́ ni. Orí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́, a sì lè gbé Linux sórí flash kan kí á fi tan laptop, láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n tó ní ju ti Windows lọ ni ti ẹni tó ń kó ẹrù jáde nínú ilé tó ń jó: kò ní dúró ti àpótí tó há sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Bó bá kan ibi tó le, á fò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pé ibi báyìí ṣì kù, á lọ kó gbogbo ibi tó dára, títí dé ìparí fáìlì. Lẹ́yìn tó bá ti kó ìyẹn jáde tán ló tó padà wá bá àwọn ibi tó le jà, díẹ̀díẹ̀. Nítorí ìwé kékeré yẹn, bí iná bá lọ, ibi tó dé ló ti máa tẹ̀ síwájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi robocopy, irinṣẹ́ kọ́pì tó wà nínú Windows, dípò rẹ̀ lórí irú dísíkì yìí. Irinṣẹ́ tó dára ni fún dísíkì tó lára dídá, ṣùgbọ́n bí a kò bá yí i padà, ìlànà tó bá wá ni pé kí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mílíọ̀nù kan, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọjọ́ 340 tí yóò fi máa lu ojú egbò kan náà.

Kí ni ẹ ó rí gbà padà? Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Fídíò 7.2GB tó gùn ní wákàtí mẹ́ta ń lo nǹkan bíi 670KB fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ojú kọ̀ọ̀kan tó lè bàjẹ́ lórí dísíkì jẹ́ byte 512 tàbí 4,096. Bí irú ojú 4,096 bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́ tó ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ayẹyẹ yẹn. Àwòrán lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohùn lè já, fún ìgbà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí àwòrán fídíò máa ń gbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n á tún mọ́ padà. Ibi tó bàjẹ́ wà ní nǹkan bí ìdajì fídíò. Ẹ ní ìparí ni àdúrà màmá wà. Ìyẹn ló fún mi ní ìrètí jù nínú gbogbo lẹ́tà yín.

N kò ní parọ́ fún yín pé ó dájú. Nínú fídíò MP4, àtẹ kan wà tó ń tọ́ka sí ibi tí àwòrán àti ohùn kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì, àwọn kámẹ́rà àti ètò tí wọ́n fi ń to fídíò sì sábà máa ń kọ ọ́ sí ìparí, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti tán. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tí wọ́n kọ́pì dé ìdajì kì í fi ṣí rárá, kódà bí ìdajì náà bá pé pérépéré. Bí egbò mìíràn bá wà lójú àtẹ yẹn, iṣẹ́ á le sí i. Nígbà mìíràn a lè fi fídíò mìíràn tí kámẹ́rà kan náà yà ṣe àwòkọ́ṣe kí á fi tún un tò, nígbà mìíràn kì í bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni, láti Àkúrẹ́ tí mo jókòó sí yìí, n kò lè gbọ́ bí hard disk yín ṣe ń dún. Bí ó bá ti ń lu kà, kà, kà, ó ti kọjá ohun tí ddrescue tàbí èmi lè ṣe. Iṣẹ́ àwọn tó ní yàrá tí eruku kò lè wọ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun tú u lórí tábìlì kí òun wo inú rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ka èyí tí fáìlì tiẹ̀ náà ń yarí, tí ìdí rẹ̀ kò sì jọ méjèèjì yìí. Bó bá sọ fún yín pé fáìlì náà ṣí sínú ètò mìíràn, ẹ ti gbogbo ètò pa, bí kò bá gbọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn. Bó bá ní orúkọ ti gùn jù, Windows kì í fẹ́ kí orúkọ fáìlì àti ti gbogbo fóldà tó wà lókè rẹ̀ ju lẹ́tà 260 lọ lápapọ̀. Ẹ gé orúkọ àwọn fóldà náà kúrú. Mo sábà máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí wọ́n ń kọ gbogbo àkọlé iṣẹ́ ìwádìí wọn sí orúkọ fóldà, tí wọ́n sì tún kó fóldà sínú fóldà. Bí àwòrán ìkùukùu bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, ó lè jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì gan-an wà, kò tíì sí nínú laptop yín. Ẹ tan dátà kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ mi tàbí sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ pe ẹni tó ya fídíò yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè pa iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn fáìlì tí kò tíì so pọ̀ ṣì wà nínú dísíkì kan nílé wọn. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹ kàn gbé flash exFAT lọ. Bí wọn kò bá rí i, ẹ gbé hard disk náà wá sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú okùn tó bá a wá, kí ẹ sì mú hard disk òfìfo kan dání tó tóbi tó ti àtijọ́ tàbí jù ú lọ, torí gbogbo dísíkì lódindi ni mo fẹ́ kó jáde, kì í ṣe fídíò nìkan. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi sínú báàgì ọwọ́ yín, kí ẹ gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú búùtù. Ẹ tètè kúrò nílé kí ẹ lè dé láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, nítorí iṣẹ́ náà lè gba gbogbo ọjọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ṣí ìparí fídíò náà.